Bí Ẹni Ń Lọ sí Abà

Kí òpin ọ̀sẹ̀ tó di ohun tí à ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ọmọ Ìbàdàn ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi ìlú sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí yóò fẹsẹ̀ rìn, tí yóò sùn sábẹ́ òrùlé kékeré láàrin igi, tí yóò sì padà wálé pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Abà là ń pe ibi tó ń lọ. Agboolé rẹ̀ lè wà ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n oko bàbá rẹ̀ wà ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ọ̀nà-Àrà, níbi tí kòkó, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ń dúró dè é. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ wà ní ibi iṣẹ́ kan, àti àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé ń kó ara wọn jọ láti lọ gun òkè, láti pàgọ́ sùn, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ lórí adágún. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ bá wọn jiyàn lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n á ra àgọ́, wọ́n á ra báàgì ẹ̀yìn, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì kọrí sí ilẹ̀ olónílẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí ẹni ń lọ sí abà ló yẹ kí wọ́n lọ: kí wọ́n ní ẹni tó gbà wọ́n lálejò, kí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà ẹni náà, kí owó wọn sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níbẹ̀. Ìmọ̀ tó ń dáàbò bo èèyàn lórí àpáta, nínú igbó àti lórí omi, ọwọ́ àwọn ará abà ló wà, a kì í rà á lọ́jà.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò sí Yorùbá kan tó ń gun òkè láìnídìí. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ gba orí òkè kọjá: nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́ tí jagunjagun Lágelú tẹ̀ dó, òun àti àwọn tó kù gun Òkè'Bàdàn, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi rọ̀. Ọdọọdún, nínú oṣù Kẹta, ni ìlú ṣì ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn láti rántí rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn títí di ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sì ni ẹni tó bá fẹ́ rí ààfin àtijọ́ wọn yóò gùn lónìí. Mo gbà pé ogun ló lé púpọ̀ nínú wọn gòkè, kì í ṣe fàájì. Àmọ́ ohun tí ìtàn yẹn kọ́ wa gan-an ni pé òkè ilẹ̀ wa kì í ṣe ahoro. Ó ní ọ̀nà, ó ní ibi tí omi wà, ó ní orúkọ fún àpáta kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún láìbéèrè lọ́wọ́ wọn, àlejò tó lójú tí kò fi ríran ni.

Bó bá sì jẹ́ ti ìrìn tí ọ̀dọ́ ń rìn láti fi kọ́ ara wọn ni, kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ní ọdún 1951 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, lẹ́bàá Victoria tó ń jẹ́ Limbe lónìí, ní Gúúsù Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ ìjọba Nàìjíríà nígbà náà. Òyìnbó ará Bìrìtéènì kan, Alec Dickson, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti Nàìjíríà lọ síbẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ àti bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí òkun, wọ́n gun Òkè Kamẹrúùnù tí gíga rẹ̀ ju 4,000 mítà lọ, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí àwọn abúlé láti bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú. Nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò ní 1961 láti bá Kamẹrúùnù lọ, ẹ̀kọ́ náà kó wá sílé: ti òkè gígùn bọ́ sí Shere Hills nítòsí Jos, ti omi bọ́ sí Àpápá ní Èkó. Orúkọ tí àwọn Man O' War ń jẹ́ ní ibùdó àwọn agùnbánirọ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni iṣẹ́ abúlé yẹn. Àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ rí i pé òkè àti òkun nìkan kò tó láti sọ ọ̀dọ́ di èèyàn. Àfi kó tún kọ́ bí a ṣe ń gbé lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, kó sì ṣe é láǹfààní. Apá yìí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń jáde lónìí gbàgbé.

Ilẹ̀ tó yí Ìbàdàn ká kò ní òkè ńlá. Àwọn gegele àti òkè kéékèèké ló pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ, ìrìn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ló sì bá wọn mu. Ní Akínyẹlé, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀, ó ní adágún, ó sì dá nǹkan bí 350 hẹ́kítà igbó sí. Igbó yẹn wà lára ibi díẹ̀ tí ẹyẹ dúdú olórí pupa kan, ìbátan ẹ̀gà, ti ṣì ń gbé. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é nítorí ìlú wa, kò sì sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ẹni tí kò bá lè gun òkè lè rìn níbẹ̀ láàárọ̀ kan, kó sì rí ohun tí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń wọ bàálù wá wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fẹ́ àpáta gidi yóò gba títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, yóò sì yà sí Adó-Àwáyè. Omi wà ní ìhà kejì, ní Àṣejírè ní Ẹgbẹ́dá, ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Nítorí náà, ètò tó mọ́yán lórí ni kí ẹgbẹ́ sùn nísàlẹ̀ òkè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n gun òkè ní ìdájí Sátidé, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán, kí wọ́n gba Mọ́níyà padà, kí wọ́n sùn ní abà kan ní Lágelú tàbí Ẹgbẹ́dá, kí wọ́n sì bọ́ sórí omi ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹgbẹ́ ìjọ tí ọjọ́ Àìkú kò rọrùn fún lè dúró de ìgbà tí ìjọba bá fún wa ní ọlidé ọjọ́ Ajé. Òkè ló yẹ kó ṣáájú omi, nítorí ẹsẹ̀ tó ti ro á rí ìsinmi nínú ọkọ̀, níbi tí apá ti ń ṣiṣẹ́.

Ní Adó-Àwáyè, wọ́n mọ àtẹ̀gùn 369 sí ara òkè náà. Ọmọ ìlú tó ti sá gùn ún láti kékeré kì í kánjú níbẹ̀, ará Ìbàdàn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ló máa ń fẹ́ sáré. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni kí a fi síwájú, kí àwọn tó yára tẹ̀ lé e, nítorí bí alágbára bá ṣáájú, ìlà á já, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa fi ìtìjú rìn, èèyàn tó ń fi ìtìjú rìn kì í sọ pé ó ti rẹ òun títí yóò fi ṣubú. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni àpáta gbẹ dáadáa. Ní ìgbà òjò, ojú rẹ̀ ń yọ̀, ààrá ọ̀sán sì lè bá èèyàn ní orí òkúta tí kò sí ibi ìfarapamọ́. Oòrùn náà ń gbóná lára òkúta ju ti ilẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo èèyàn ti wà lórí òkè kó tó di aago mẹ́jọ. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, kì í ṣe gígùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo gbogbo okun rẹ̀ tán kó tó dé orí òkè ti ṣìrò.

Adágún Ìyákè wà lórí òkè náà, àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Ìṣàgẹ náà wà níbẹ̀, ibì kan sì tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Orúkọ yẹn tó láti kìlọ̀ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ọ̀wọ̀ ńlá ni àwọn ará ìlú ní fún Ìyákè, wọn kì í sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ lọ wádìí bó ṣe jìn tó. Ẹlẹ́sìn mìíràn lè ní òun kò gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa omi náà. Kò sẹ́ni tó ní kó gbà á. Àmọ́, omi tó jìn lórí òkè, tó ní bèbè òkúta tó ń yọ̀, tí kò sí ọkọ̀ tàbí òmùwẹ̀ nítòsí, ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú rẹ̀? Bí a bá wo èèwọ̀ náà dáadáa, ẹ̀mí ló ń dá sí, yálà èèyàn gba ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́ tàbí kò gbà á. Amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú ló mọ ìlà tí a kì í kọjá, owó tí a san fún un sì kéré sí owó bàtà tí àwọn kan rà nítorí ìrìn náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí oorun abà, nítorí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ púpọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Àgọ́ kì í ṣe ohun burúkú, kí ẹni tó ní in gbé e dání. Ibi tí a ó pa á sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá pàgọ́ sínú igbó nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́, ó lè ti sùn sójú ọ̀nà ìjàlọ, tàbí sínú oko tí olóko máa wá dáná sun láàárọ̀. Baálẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń rí, kì í sì í ṣe ní ọjọ́ tí a dé, bí kò ṣe ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko lálẹ́ lè mọ̀ pé iná tí wọ́n máa rí kì í ṣe ti olè. Obì la fi ń kí i. Púpọ̀ nínú àwọn abà wa ló jẹ́ ti Mùsùlùmí, nítorí náà kí a béèrè kí a tó gbé ọtí dání. Baálẹ̀ á fi ibi tó mọ́ hàn wọ́n, ó sì lè jẹ́ àgbàlá tí wọ́n ń sá kòkó sí, bí kòkó bá ti kúrò nílẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá títí dé ìparí ọdún, ìgbà kíkó kòkó ni, ẹgbẹ́ tó bá mọyì olùgbàlejò rẹ̀ kò ní gba àgbàlá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì ló dára jù. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, koríko sì ti gbẹ, nítorí náà iná kan ṣoṣo la ń dá, níbi tí ìyá tó ń se oúnjẹ bá sọ. Oúnjẹ abà sì bá ìrìn mu ju ti inú páálí lọ: gààrí kì í bàjẹ́, kúlíkúlí kò wúwo, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ á jẹrà mọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá omi pọ́wà tí ẹgbẹ́ kan bá dà sílẹ̀ ni àwọn ará abà á máa ṣà lẹ́yìn wọn.

Ejò ń bẹ níbẹ̀, kò yẹ kí a fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn, ṣe ló ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán àti òkùnkùn ló sì ń fa ọ̀pọ̀ ìbùṣán, nítorí náà bàtà tó bo kókósẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì jẹ́ dandan fún ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má fi abẹ fín ojú ọgbẹ́, kí a má so ó pa. Kí a mú kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró láìmira, kí ọkọ̀ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ìbéèrè pé ilé ìwòsàn wo ló ní in, a gbọ́dọ̀ ti rí ìdáhùn rẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

Wọ́n lè bi mí pé, ìjínigbé ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ láti inú ìlú. Ọdẹ abà ló mọ ẹsẹ̀ tuntun tó gba ọ̀nà oko lánàá. Òun náà ni ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn nínú oṣù Kìíní ọdún 2020, fi ń ríran. Bí Baálẹ̀ bá ní kí ẹgbẹ́ má wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n jókòó sílé. Ẹgbẹ́ tó lọ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kò ní ẹni tó máa kìlọ̀ fún un. Wọ́n tún lè ní àgbẹ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́ kò rí ìdí tí èèyàn fi ń sanwó láti rìn. Ó rí i dáadáa. Bí wọ́n bá san owó amọ̀nà, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ojú omi sí ọwọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí á di ohun tí ọmọ abà lè fi ṣiṣẹ́ jẹ. Ohun tó ń ba abà jẹ́ ni èrò púpọ̀. Èèyàn méjìlá ni mo rò pé ó pọ̀ jù tí abà kékeré lè gbà láìsí ìnira. Bọ́ọ̀sì méjì tó kún fún ariwo, ìpàgọ́ kọ́ nìyẹn.

Ní ti omi, Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé ní Àṣejírè ní ìparí àwọn ọdún 1960, láti fún Ìbàdàn lómi. Omi mímu ìlú ni, nítorí náà ìyọ̀ǹda àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ṣe dandan, a kì í sì da ohunkóhun sínú rẹ̀. Àwọn apẹja ń ná an lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ onígi, wọ́n ń wá ọ̀bọ̀kún, epìyà àti àrọ̀. Àwọn ló mọ ibi tí kùkùté igi sápamọ́ sí lábẹ́ omi, tí wọ́n mọ ibi tí àwọ̀n wà, tí wọ́n sì mọ̀ pé omi ń dákẹ́ láàárọ̀, pé atẹ́gùn ọ̀sán ló ń ru ú sókè. Yorùbá kò jẹ́ àjèjì sí omi. Àwọn míṣọ́nnárì tó kọjá Odò Ògùn ní ọ̀rúndún 19 kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbá ńlá ni wọ́n fi gbé àwọn kọjá, tí òmùwẹ̀ ń tì í níwájú. Wíwa ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àjẹ̀ mú ìwọ̀n, ẹni ẹ̀yìn ló ń darí, gbogbo èèyàn á jókòó sísàlẹ̀ pátápátá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dìde láti ya fọ́tò. Ẹ̀yìn ni a ń lò láti fa àjẹ̀, ọrùn ọwọ́ nìkan á ro kíákíá.

Níbí ni mo ti gbà pé ìmọ̀ abà nìkan kò tó. Apẹja tó mọ omi láti kékeré kì í sábà wọ ẹ̀wù ìléfòó, nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé apá rẹ̀. Ará ìlú kò ní irú apá bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lóru ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara, èèyàn tó kú sì lé ní 100. Èrò pọ̀, òru ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù ìléfòó kì í sí fún ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ lórí omi wa. Nítorí náà, ẹ̀wù ìléfòó ni kí ẹgbẹ́ gbé wá láti ìlú, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí apẹja pàápàá wọ tirẹ̀. Kí apẹja fi ìmọ̀ omi tirẹ̀ kún un. Kí a má sì lúwẹ̀ẹ́ ní etí omi tó dúró jẹ́ẹ́, tí koríko àti ìgbín kéékèèké wà, nítorí ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń mú èèyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n sé Odò Ọyàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní àwọn ọdún 1980, àìsàn yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn apẹja àti àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ ní etí rẹ̀.

Kí ọkọ̀ kankan tó kúrò létí omi, kí orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti wà nínú ìwé, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n dá pé àwọn máa padà. Ọwọ́ ẹni tí kò ní wọ ọkọ̀ ni ìwé yẹn ń wà, àgbà apẹja tàbí ìyàwó rẹ̀ tó ń sun ẹja létí omi. Bí wákàtí tí wọ́n dá bá ti kọjá, ọkọ̀ kejì á bọ́ sómi láti lọ wò wọ́n, láìdúró gbọ́ ìpè fóònù. Bí wọ́n bá sì ti gúnlẹ̀, ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ á pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á dáhùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè jókòó jẹun.